Ta Ni Yóò Yan Àpá Tí Kò Ṣeé Parẹ́?

Bí a bá bí ọmọ tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ohun kan tí ọmọ náà yàn fún ara rẹ̀. Òbí ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ, òbí ni ó ń wá oúnjẹ tí yóò jẹ àti aṣọ tí yóò wọ̀, òbí náà ni ó sì ń gbé e lọ sí ilé ìsìn tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Síbẹ̀, bí a bá fi ara balẹ̀ wo gbogbo ohun tí òbí ń ṣe fún ọmọ, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Apá kan wà tí ọmọ lè yí padà nígbà tí ó bá dàgbà. Ó lè pa orúkọ dà, ó lè fi oúnjẹ kan sílẹ̀, ó lè kúrò nínú ìjọ kan bọ́ sí òmíràn. Apá kejì wà tí kò sí ẹni tí ó lè yí i padà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé: ilà tí a kọ sí ojú, ẹ̀yà ara tí a gé sọnù, ìmùlẹ̀ tí a fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Lórí apá kejì yìí ni awuyewuye wà. Ta ni ó ni ẹ̀tọ́ láti yan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òbí ni tàbí ọmọ? Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ni, ìgbà wo ni ọmọ tó ẹni tí ń yàn?

Ìbéèrè yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn ará Kuje, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń múra láti gba àlejò fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́-ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe ní ọdún 1977, wọ́n kọ́ ìlú tuntun kan sí agbègbè náà. Festac ni a ń pe ìlú ọ̀hún títí di òní, nítorí orúkọ àjọ̀dún náà. Lẹ́yìn tí àlejò tú ká, onírúurú ẹ̀yà ni ó wá ń gbé inú àwọn ilé náà, ìgbé ayé gbogbo àdúgbò sì yí padà. Ọmọ tí a bí ní Kuje lónìí kì í dàgbà láàrin àwọn ìbátan rẹ̀ nìkan. Lórí ìjókòó kan náà ní ilé-ìwé ni ọmọ Ìjọ Áńgílíkà, ọmọ Aládùúrà, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe lè jókòó sí. Ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ kò ní ìdí láti béèrè rí, òun yóò béèrè rẹ̀ kí ó tó jáde ìwé.

Àmì tí a yàn fún àjọ̀dún ọdún 1977 náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú. Àwòrán ojú Idia ni, ìyá Ọba Esigie ti ìlú Ìbíní, tí a fi eyín erin gbẹ́. Ojúlówó rẹ̀ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí tí a ń pè ní British Museum ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá wo iwájú orí àwòrán náà yóò rí ojú abẹ́ méjì tí ó dúró gbọọrọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ní Ìbíní sọ pé àwọn òbí Idia ni ó mú kí a sín in sí i lójú ní ìgbà èwe rẹ̀, kí Ọba Ozolua má baà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọba fẹ́ ẹ, ó sì bí Esigie fún un. Ète àwọn òbí náà kùnà, àpá tí wọ́n fi sí i lójú kò sì kúrò. Ìdí tí ènìyàn fi kọ ilà sí ọmọ lára lè kọjá lọ láàrin ọdún kan. Ilà náà a sì bá onítọ̀hún wọ sàréè.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ilà ojú rí láàrin àwọn Yorùbá. Kì í ṣe ìwà ìkà ni ó mú kí àwọn baba ńlá kọ pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ sí ojú àwọn ọmọ wọn. Ní ayé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìlú ń tú, tí a sì ń kó ènìyàn lẹ́rú lọ sí ọ̀nà jíjìn, ilà ni a fi ń dá ọmọ ìyá ẹni mọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Ìdí gidi ni ìdí yẹn. Ṣùgbọ́n ogun parí, òwò ẹrú sì kásẹ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú kò dáwọ́ ilà kíkọ dúró fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn náà. Nínú àwọn àgbàlagbà tí ilà wà lójú wọn lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n fi ń yangàn nítorí pé ó ń sọ ilé tí wọ́n ti wá. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹgbẹ́ wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ìwé títí ẹkún fi gba ojú wọn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí a bi léèrè kí a tó fi abẹ́ kan án.

Àwọn kan a máa wí pé títa ríro là ń kọlà, bí ó bá jinná tán ní í dòge. Òwe náà jẹ́ òótọ́ fún ẹni tí ó mọ ohun tí à ń pè ní oge, tí ó sì gbà láti jìyà nítorí rẹ̀. Ọmọ ọjọ́ 8 kò mọ oge. Títa ríro nìkan ni ó mọ̀.

Òfin ilẹ̀ yìí kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni òfin ọdún 2003 ń pè ní ọmọdé. Ó kà á léèwọ̀ láti fín ara ọmọdé tàbí láti kọ ilà sí i. Ẹni tí ó bá ṣe é lè san owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ìgbà tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Ìyà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin náà pọ̀. Òfin kò sọ pé ilà burú. Àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ pélé nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí ìran rẹ̀ lè wá olólà lọ. Ọmọdé tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òfin ń gbèjà.

Ní ti dídábẹ́ fún ọmọbìnrin, kò yẹ kí iyèméjì wà rárá. Àwọn àgbà ìgbà kan gbàgbọ́ pé bí a kò bá dábẹ́ fún ọmọbìnrin, yóò ya oníṣekúṣe, àti pé bí orí ọmọ bá kan ibi tí a kò dá náà nígbà ìrọbí, ọmọ yóò kú. Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí èrè kan fún ìlera nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídà, egbò tí ó ń kẹ̀ àti ìnira nígbà ìbímọ ni ó ń mú wá. Kò sí àṣẹ rẹ̀ nínú Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú Kùránì. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 láti gbógun ti ìwà ipá sí ènìyàn fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 4, tàbí owó ìtanràn tí ó lè tó 200,000 náírà, lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe é. Ohun tí a gé sọnù níbẹ̀ kì í hù mọ́, ọmọ tí a gé e lára rẹ̀ kò sì sí lórí ìjókòó nígbà tí àwọn àgbà pinnu.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi í pé: ilà abẹ́ ti ọmọkùnrin ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ. Òun pẹ̀lú kò ṣeé yí padà, ìkókó tí a ń kọ ọ́ fún kò sì lè dáhùn. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí àwọn ti ìṣáájú. Mùsùlùmí àti Júù kà á sí ohun tí wọ́n jogún láti ọwọ́ Ábúráhámù, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì ń kọ ọ́ láti ayébáyé. Òfin kò dè é. Kì í pẹ́ jinná lára ìkókó bí ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ bá kọ ọ́. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ó ń dín ewu kíkó àrùn éèdì kù fún ọkùnrin. Níwọ̀n ìgbà tí èrè wà nínú rẹ̀ fún ìlera, tí ìpalára rẹ̀ kò sì tó nǹkan, a lè fi í sílẹ̀ fún ìdájọ́ òbí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti kọ ọ́, kí abẹ́ sì mọ́. Òbí tí ó bá fẹ́ fi ohun tí kò ṣeé parẹ́ sí ọmọ lára gbọ́dọ̀ lè fi èrè tí ọmọ náà yóò jẹ hàn. Kò tó kí ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a.

Kí a wá yí ojú sí ẹ̀sìn. Òbí kò lè ṣaláìfi ọ̀nà ẹ̀sìn tirẹ̀ han ọmọ, nítorí ọmọ tí kò rí ìsìn kankan nínú ilé kò ní ohun tí yóò gbé lórí ìwọ̀n. Òfin ọdún 2003 pàápàá, tí ó fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí òmìnira ẹ̀sìn, fi ìtọ́sọ́nà sí ọwọ́ òbí. Bí a bá sì wo àwọn ẹ̀sìn fúnra wọn dáadáa, a ó rí i pé wọ́n ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ìjọ Áńgílíkà a máa ṣe ìrìbọmi fún ìkókó, àwọn òbí ìsàmì a sì dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti ní òye, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dúró níwájú bíṣọ́ọ̀bù láti gba ẹ̀jẹ́ náà sí ọrùn ara rẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kì í tẹ ẹni tí kò bá tíì jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ bọmi. Mùsùlùmí a máa bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ ní ìrun kíkí láti ọdún 7, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá bàlágà ni ìrun àti ààwẹ̀ tó di dandan lé e lórí.

Ìgbésí ayé Àjàyí Crowther jẹ́ àpẹẹrẹ rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Wọn kò tì í bọ omi ní ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀. Ó kọ́ ìwé, ó gbọ́ ẹ̀kọ́, ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1825 ni ó tó ṣe ìrìbọmi, nígbà tí ó ti tó bí ọmọ ọdún 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀, tí ó tún rí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846 lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà, kò ṣe ìrìbọmi títí di ọdún 1848. Ẹ̀sìn tí ẹni méjèèjì fi ara balẹ̀ gbọ́ kí wọ́n tó gbà á kò yẹ̀ mọ́ wọn lára. Ní ọdún 1864, ọmọkùnrin náà di bíṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀sìn òbí àti ẹ̀mí ọmọ ń ko ara wọn lójú, tí kò sì sí àyè láti dúró. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1997. Ìkókó kan tí kò tíì pé oṣù kan ṣàìsàn gidigidi, àwọn oníṣègùn sì rí i pé yóò kú bí a kò bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni ìyá rẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì fi àyè gba ẹ̀jẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá gba àṣẹ ní kóòtù, a fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára, ó sì yè. Ìyá pe ẹjọ́ títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tí ó dá ẹjọ́ náà ní oṣù Máàsì ọdún 2019. Ìdájọ́ wọn ni pé ó tọ́ kí kóòtù dá sí ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì gba ẹ̀mí ọmọ náà là.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ kan náà yìí ti sọ ní ọdún 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, bí ikú tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ lè pe ìdájọ́ méjèèjì ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu méjì. Ìlànà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ tẹ̀ lé. Ènìyàn lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ohun tí òun gbà gbọ́; kò lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn lélẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí a dá ẹjọ́ ọdún 2019, ìkókó ọjọ́ kìíní ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Bí ó bá wù ú láti tẹ̀ lé ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí i lára ni ó jẹ́ kí ó wà láàyè láti yàn.

Àwọn àgbà mìíràn a tún máa wí pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bí a bá dúró kí ọmọ dàgbà, apá kò ní ká a mọ́. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ìwà ni a ń sọ. Olè, irọ́ àti ọ̀lẹ ni kí a pa ẹ̀ka wọn ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pẹ̀ka ìrókò mọ̀ pé igi náà yóò tún yọ ẹ̀ka. Ẹ̀kọ́ rere àti ìbáwí kò gba agbára yíyàn lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ń fún un ní ọgbọ́n tí yóò fi yàn. Abẹ́ olólà kò fún un ní ọgbọ́n kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Bí kò ti tọ́ kí òbí kánjú, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí ọmọ kánjú. Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 tí ó ń lọ fín àwòrán sí apá nítorí pé olórin kan ní irú rẹ̀, tàbí tí ó ń bá ẹgbẹ́ òkùnkùn mulẹ̀ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí òbí kò gbọdọ̀ ṣe sí i ni ó ń ṣe sí ara rẹ̀ yẹn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ìrírí, ọjọ́ orí nìkan ni ó sì ń mú un wá. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òfin fi ní kí ó dúró di ọdún 18.

Síbẹ̀, òye kì í dé lójijì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí ènìyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dé, òbí tí ó gbọ́n a sì máa wo àmì rẹ̀. Èkíní, kí ọmọ lè sọ ìdí tí ó fi fẹ́ ohun náà láìdárúkọ ọ̀rẹ́ tàbí olùkọ́ kankan. Èkejì, kí ó lè sọ ohun tí yóò pàdánù nítorí rẹ̀, kì í ṣe ohun tí yóò jèrè nìkan. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má yí padà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Ọmọ ọdún 13 tí ó wí pé òun fẹ́ kúrò nínú ẹ̀sìn ilé lọ sí òmíràn kò yẹ ní nínà, kò sì yẹ kí a tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí a bi í ní ìbéèrè, kí a gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí a sì sọ fún un pé ọ̀nà tí ó tọ́ kò ní sá lọ kí ó tó pé ọdún 18. Bí ìfẹ́ náà bá jẹ́ òtítọ́, yóò dúró. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kíkó ni, yóò ti kú kí ọdún tó yí po.

Àwọn Yorùbá gbàgbọ́ pé kí ènìyàn tó wá sí ayé, òun fúnra rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ tí ó yan orí, àti pé kò sí bàbá tàbí ìyá tí ó bá a kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìran tí ó ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòro fún láti dúró de ọmọ. Kí àwọn òbí ní Kuje àti níbi gbogbo kọ́ ọmọ wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó dára, kí wọ́n gbà á là nígbà ewu, kí wọ́n sì fi ohun tí kò ṣeé parẹ́ sílẹ̀ dìgbà tí ẹni tí yóò gbé e kiri yóò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kọ̀.